Má Pa Àdúgbò Tí O Kọ́ Rẹ́

Ilé wa,
Kábbà.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ilé. Ìyé rẹ tó bí ọ wà dáadáa. Orúnkún tó ń dùn ún ti ń gbọ́ ìtọ́jú, ó sì ti padà sí oko ẹ̀gúsí rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ná Lọ́kọ́ja gbé lẹ́tà rẹ dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pe ìyé rẹ. Nígbà tó ní kí n kà á sí òun létí, mo kà á, ṣùgbọ́n mo fo ìlà kan. Ìlà tí o ti sọ pé o ti kó aṣọ rẹ lọ sí yàrá ọ̀rẹ́ rẹ, àti pé ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà tí o ti sùn nílé ọkọ rẹ gbẹ̀yìn. Oṣù mẹ́ta péré ló pé tí a ṣe ìgbéyàwó yín. Mo mọ̀ pé bí ìyé rẹ bá gbọ́, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kúrò ní gáréèjì ni yóò wọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ̀wé. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn. Èyí yóò gùn. Fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìwé ìtàn kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì kà nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìtàn ìlú kan tó wà létí omi. Ẹni tó kọ ọ́ ti parí ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò fẹ́ kó parí. Wọ́n kóra jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn dá ìlú náà sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, pẹ̀lú àwòrán díẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lórí kọ̀ǹpútà yóò kà nípa ibi tó wà, yóò sì tẹ ohun tó fẹ́ ṣe tàbí ohun tó fẹ́ sọ. Irú èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn akọ́lé wà, tí wọ́n ń ṣe ilé, òpópónà àti máàpù. Àwọn eléré sì wà, tí wọ́n ń mú orúkọ àti iṣẹ́, tí wọ́n ń gbé inú ìlú náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Eléré lè ba nǹkan jẹ́ nínú eré, ṣùgbọ́n akọ́lé nìkan ló ní àṣẹ tí wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́, láti kọ́ nǹkan tàbí láti pa á rẹ́. Akọ́lé ni ìwọ. Eléré ni Sálíù ọkọ rẹ.

Ibẹ̀ náà lẹ ti pàdé. N kò gbàgbé bí o ṣe sọ ọ́ fún wa, pé ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ ní èbúté tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tí atukọ̀ inú rẹ̀ sì kí gbogbo òyìnbó tó wà níbẹ̀ bí a ṣe ń kíni nílé wa, ní "okun o". Ìwọ tí o jókòó sí káfẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ní Lọ́kọ́ja dìde lórí àga. O kò mọ̀ pé ọmọ Ìyàrà ìtòsí wa ni, pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ. Nígbà tí ó wá tọrọ rẹ, àwọn kan nínú ẹbí ń wo ṣọ́ọ̀ṣì wa àti mọ́sáláṣí wọn. Èmi ò wo ìyẹn. Ohun tí mo ń rò ni pé ọmọ mi ti rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lo fi kọ́ àdúgbò tí o pè ní Ìsàlẹ̀-Òkúta, pẹ̀lú ọjà rẹ̀, kànga rẹ̀ àti àtẹ̀gùn òkúta tí o wò lára òkè tiwa níbí. Ní ọjọ́ kan tí o wà lẹ́nu iṣẹ́, Sálíù àti àwọn eléré mọ́kànlá kóra jọ, wọ́n sì ṣe eré iná, pé iná ń jó ọjà. Nígbà tí o ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjà ti di eérú. O bi í pé kí ló dé, ó ní eré ni. O sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ ni, kì í ṣe eré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Ní báyìí, o ní kọ́kọ́rọ́ akọ́lé wà lọ́wọ́ rẹ, pé kí oṣù yìí tó parí, wàá pa gbogbo Ìsàlẹ̀-Òkúta rẹ́, kí eléré kankan má ríbi ṣeré mọ́.

Ó dùn ọ́, ó sì yẹ kó dùn ọ́. Ẹni tí kò kọ́ nǹkan rí ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà lásán ni. Mo ṣe bíríkìlà títí mo fi di fọ́máànù, mo mọ ohun tó ń ṣe èèyàn nígbà tí ẹlòmíràn bá tẹ sìmẹ́ńtì tútù mọ́lẹ̀. N kò kọ̀wé láti bá ọ wí. Àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí mo rí i pé o fẹ́ gba ọ̀nà tí mo ti gbà.

Èkínní. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Ẹ̀kìnrìn-Adé, a máa ń lọ sí etí odò lẹ́yìn oko bàbá mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Amọ̀ pupa tó dára wà níbẹ̀. Mo fi mọ odindi ìlú. Ilé mẹ́rìndínlógún, ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, òpópónà tí mo fi ọwọ̀ gbá. Pòròpórò ọkà bàbà ni mo fi ṣe òrùlé. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Dáre. Dáre kò lè mọ ìkòkò kan kó dúró, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lónìí á di ọba, lọ́la á di wolé-wolé tí wọ́n rán láti Kàdúná, á máa fi Hausa tí kò yé òun fúnra rẹ̀ bá wa wí pé àmù wa dọ̀tí. Àwọn ọmọ láti agboolé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọmọbìnrin kan gba ilé kan, ó ní ibẹ̀ lòun ti ń ta ẹ̀kọ. Ẹlòmíràn ní ilé tòun ń jò, kí n wá tún un ṣe. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé àwọn ló ń mú inú mi dùn. Mo rò pé àwọn ilé náà ni.

Ní ọjọ́ kan, wolé-wolé lé arúfin, arúfin sá, ẹsẹ̀ Dáre sì wó ògiri ààfin. Mo pè é ní ọ̀lẹ tí kò lè mọ nǹkan, tó ń ba ohun tí ẹlòmíràn mọ jẹ́. Mo lé gbogbo wọn. Mo gé igi ẹlẹ́gùn-ún, mo fi yí ìlú náà ká. Ní ọjọ́ kejì mo tún ògiri náà mọ, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jọba, kò sẹ́ni tó ń ta ẹ̀kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin n kò lọ mọ́, òjò àkọ́rọ̀ ló ṣe ìyókù.

Láàárín ìgbà náà, Dáre ránṣẹ́ sí mi pé òun yóò wá bá mi po amọ̀. N kò dá a lóhùn. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Kàdúná. Ní òwúrọ̀ tó ń lọ, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń sọ fún un pé ó jọ pé mo ti lọ sóko. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi lọ. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, mo wádìí rẹ̀. Wọ́n ní ó di olùkọ́, pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì ti kú. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi tún ògiri yẹn mọ, Bọ́sẹ̀. N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyé rẹ rí.

Èkejì. Ìwọ fúnra rẹ mọ èyí, ṣùgbọ́n o kéré nígbà náà. Nígbà tí mo kọ́ ilé tí a wà yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi rẹ́ pálọ̀. Ògiri náà ń dán bí abọ́ tánńganran. Mo wá sọ ọ́ di èèwọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yìnkùlé lẹ ń gbà wọlé. Àga wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. Bí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ ṣèpàdé, ilé aládùúgbò ni ìyé rẹ ń gbà wọ́n sí. Ní ọjọ́ kan tí mo ń nu ògiri, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bi mí pé, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ta lo kọ́ ilé yìí fún?"

Mo nu ògiri tán, mo jáde, mo lọ jókòó sábẹ́ igi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ya ọ̀rá kúrò lára àga. Ṣé o rí ibi tí ẹ ti ń fi èédú sàmì gíga yín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Mo ti kun pálọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Mo máa ń fo ibẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó pa ohunkóhun rẹ́, bi ara rẹ ní ìbéèrè tí ìyé rẹ bi mí. Bó bá jẹ́ pé fún wíwò lásán lo kọ́ Ìsàlẹ̀-Òkúta, àwòrán lo ṣe, kì í ṣe àdúgbò. Iṣẹ́ àwòrán sì dára, ohun tí o ń ṣe jẹun ní ọ́fíìsì nìyẹn. Ṣùgbọ́n o ṣe kànga. Ta ni yóò fa omi níbẹ̀?

Ẹ̀kẹta yìí, Sálíù ni mo kọ ọ́ fún jù, ṣùgbọ́n kí ẹ jọ kà á.

Nígbà tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀, tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwárà, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ ibí kó padà wálé. Fọ́máànù ni mo jẹ́ nígbà tí mo ti Ìlọrin dé, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rò pé gbogbo ẹni tó dé ti di ọ̀gá pátápátá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní dáírẹ́kítọ̀. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rán agbádá, mo ń rìn bí dáírẹ́kítọ̀, mo ń mi orí bí dáírẹ́kítọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Lójú tèmi, eré ni.

Opó kan wá láti Kírì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Ṣọlá. Ó ní Ṣọlá ti rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá lè fi í sí ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́ja, iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Dáírẹ́kítọ̀ inú mi dáhùn pé kó lọ fọkàn balẹ̀. Ṣọlá jẹ́ kí àyè náà kọjá, ó sì dúró dè mí fún ọdún kan gbáko. Ojú tì mí débi pé mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn bí mo bá rí ará Kírì. Nígbà tó yá, mo bọ́ agbádá sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn, mo jẹ́wọ́. Opó náà kò bá mi jà. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin mọ̀ pé eré lẹ ń ṣe. Àwa ò mọ̀."

Ọlọ́run ṣàánú mi, Ṣọlá tún rí àyè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ ni lónìí. Ṣùgbọ́n ọdún kan yẹn, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eré kò burú. Ibi tó ti ń burú ni pé kí ẹnì kan máa ṣeré, kí ẹnì kejì má mọ̀. Ohun tí Sálíù ṣe sí ọ nìyẹn. Àwọn mọ́kànlá mọ̀ pé ọjà yóò jó. Ìwọ tí o kọ́ ọ nìkan ni kò mọ̀. Lórí èyí, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà, mo sì ti sọ ọ́ fún un lójú.

Bẹ́ẹ̀ ni, a ti ríra. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, èmi náà lọ wo ìlú yín.

Káfẹ̀ kan ti ṣí nítòsí gáréèjì wa, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àdúkẹ́ ni ọmọbìnrin tó ń bójú tó o. Mo fún un ní orúkọ ibi tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ, ó ṣí i, ó sì jókòó tì mí, nítorí ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà ń yára ju ojú mi lọ. A wọ Ìsàlẹ̀-Òkúta lọ́sàn-án gangan. Mo rò pé kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bọ́sẹ̀, èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú eérú yẹn. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláta. Àdúkẹ́ ní ó jọ pé orílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bọ́ ló ti ń kọ̀wé. Ó jókòó sí ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó ń sọ fún ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kó rọra, nítorí àtẹ̀gùn kẹta kò ga tó àwọn yòókù, pé ẹsẹ̀ òun ti mọ̀ ọ́n. Mo ní kí Àdúkẹ́ tún ibẹ̀ kà. Àtẹ̀gùn kẹta. O fi ti òkè wa ṣe é, níbi tí o ti máa ń ṣubú nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Mo rò pé èmi àti ìwọ nìkan la mọ̀ ọ́n láyé.

Lẹ́yìn náà a ka eré iná yẹn látòkèdélẹ̀, nítorí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni. Mo ń wá ibi tí Sálíù, atukọ̀ yẹn, ti dáná sun ọjà. N kò rí i. Àtùpà ẹnì kan ló ṣubú. Ohun tí atukọ̀ ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé ó ń fa omi nínú kànga rẹ, ó ń rù ú gun àtẹ̀gùn, ó ń padà. Ìlà lórí ìlà. Nígbà tí gbogbo wọn ti sá, ó ṣì ń fa omi. Mi ò mọ̀ bóyá o kà á dé ibẹ̀. Bóyá eérú nìkan lo rí, inú sì bí ọ, o pa á dé. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé ni Sálíù dé. Ìyé rẹ gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun kò tíì lè jẹ ẹ́. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé kí ìyé rẹ má baà gbọ́. Kò bẹ̀ mí pé kí n bá òun bẹ̀ ọ́, kò sì rojọ́ rẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Ó ní, "Bàbá, mo gbàgbé pé ẹnì kan ló kọ́ ọ. Ó ti dà bí ibi tó ti wà kí wọ́n tó bí mi."

Mo sọ fún un pé n kò tíì gbọ́ ohun tó wu akọ́lé láti gbọ́ tó èyí, síbẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe ẹni ìgbàgbé, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ Sálíù fúnra rẹ̀ ló ń sùn. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde, kó lọ jẹun, nítorí ìyé rẹ ti ń wò wá láti fèrèsé.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Má fi ìbínú lo kọ́kọ́rọ́ yẹn. Bí o bá fara balẹ̀ tí o ṣì fẹ́ pa á rẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, tìrẹ ni, n kò ní bá ọ jà. Kí ẹ ṣe àdéhùn pé kò sí eré ńlá kankan ní Ìsàlẹ̀-Òkúta láìjẹ́ pé o gbọ́ ọ ṣáájú, kí ìwọ náà má sì kọ èyí tí kò bá wù ọ́ láìsọ ìdí rẹ̀. Sálíù ni yóò kó eérú. Ó ti gbà. Mo tún fẹ́ kí ìwọ náà máa wọ inú ìlú náà nígbà míì láìmú kọ́kọ́rọ́ dání, kí o mú orúkọ kan, kí o ra ata. Wàá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Kí ẹ sì ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ kò ní dé káfẹ̀ rárá, tí ẹ óò jọ jókòó bí tọkọtaya. Bí ẹ bá kọ́ ìlú, tí ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú yàrá, n kò mọ ohun tí ẹ kọ́.

Padà sílé, ọmọ mi. N kò pàṣẹ fún ọ. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí láti wà nínú yàrá kí èèyàn máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ. Sálíù ní òun wá sí ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ohun kan. Kí n tó kúrò ní káfẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Àdúkẹ́ bi mí bóyá mo fẹ́ mú orúkọ. Ojú kọ́kọ́ tì mí, lọ́jọ́ orí mi. Mo ní kó kọ ọ́ pé èmi ni Lébìrà, pé láti òkè lọ́hùn-ún ni mo ti wá, mo gbọ́ pé ọjà jó, mo sì ń wá iṣẹ́. Ìyá Aláta ní kí n jókòó. Wọ́n bi mí pé ta ni yóò gbà mí síṣẹ́. Mo ní akọ́lé ń bọ̀. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti bá wọn gbá eérú dé ìdí kànga. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ́kọ́rọ́, n kò lè gbé òkúta kan lé èkejì. Bí o bá pa àdúgbò náà rẹ́, mo wà nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lébìrà, Ìsàlẹ̀-Òkúta.